Sáyẹ́ǹsì àfọwọ́ṣe ní pírámárì 4 sí 6: bí ẹ ó ṣe ṣe é tí kíláàsì kò fi ní dàrú

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa, ohun tí à ń pè ní sáyẹ́ǹsì ni kí olùkọ́ ya òdòdó sójú pátákó, kó kọ orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ sí i, kí àwọn ọmọ sì dà á kọ. Òdòdó gidi wà lẹ́yìn fèrèsé, kò sẹ́ni tó já ọ̀kan wọlé. Tí ẹ bá béèrè ìdí, wọ́n á ní kò sówó, kò sí láàbù. Èmi ò gbà pé owó ni. Ariwo là ń bẹ̀rù. Ọmọ àádọ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú yàrá kan, olùkọ́ kan ṣoṣo, píríọ́ọ̀dù ìṣẹ́jú 40: ta ló fẹ́ gbé omi, òkúta àti òwú síwájú wọn?

Àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ wo kíláàsì tó dàrú yóò rí i pé kì í ṣe ìgbà tí àwọn ọmọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ló máa ń dàrú. Ìgbà tí à ń pín nǹkan ni, tí ọmọ mẹ́wàá ti gba tiwọn, tí ogójì ṣì ń retí. Ìgbà tí ẹgbẹ́ kan ti ṣe tán tí wọn ò mọ ohun tó kàn ni. Ìgbà tí aago fẹ́ lù tí gbogbo ẹrù ṣì wà nílẹ̀ ni. Àlàfo mẹ́ta yìí ni ariwo ti ń wọlé. Tí ẹ bá ti dí wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá tó ní ìbéèrè lọ́kàn àti iṣẹ́ lọ́wọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ olùkọ́ lẹ́nu.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú ìbéèrè, ẹ má mú àkọlé

Àkọlé ló kún inú ìwé ètò ẹ̀kọ́: Omi, Ìmọ́lẹ̀, Agbára, Ilẹ̀. Ọmọ kò lè fi ọwọ́ dáhùn àkọlé, ìbéèrè ló lè fi ọwọ́ dáhùn. Dípò "Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji", ẹ kọ ọ́ sójú pátákó pé: "Aago mélòó ni òjìji igi yìí yóò kúrú jù lónìí?" Dípò "Irúgbìn", ẹ kọ ọ́ pé: "Ṣé ẹ̀wà lè hù nínú òkùnkùn?"

Ìbéèrè tó dára máa ń pín kíláàsì sí méjì. Tí ẹ bá bi wọ́n tí gbogbo wọn pariwo ìdáhùn kan náà, tí ìdáhùn ọ̀hún sì tọ̀nà, ẹ wá òmíràn, torí kò sí ohun tó kù láti wádìí. Èyí tí mo fẹ́ràn ni èyí tí apá kan kíláàsì yóò búra pé bẹ́ẹ̀ ni, tí apá kejì yóò ní irọ́ ni. Ìyókù ò le: kó ṣeé parí ní píríọ́ọ̀dù kan, tàbí kó ṣeé wò díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ohun èlò rẹ̀ wà ládùúgbò, kó má sì la iná lọ. Ohun tó bá jẹ mọ́ àbẹ́là tàbí sítóòfù, ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ ṣe é níwájú, kí àwọn ọmọ jókòó síbi tí ọwọ́ wọn ò ti lè tó o.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣe é nílé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Mi ò ní kẹ́ ẹ kà á o. Mo ní kẹ́ ẹ ṣe é, pẹ̀lú ohun èlò gan-an tí ẹ ó gbé lọ.

Ẹ wo iṣẹ́ gílóòbù àti bátìrì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ń sọ ni pé bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, wáyà díẹ̀ àti gílóòbù kan ti tó kí iná tàn. Òótọ́ ni tó bá jẹ́ gílóòbù tọ́ọ̀ṣì àtijọ́, èyí tí wáyà tín-ín-rín wà nínú dígí rẹ̀. Ṣùgbọ́n LED ló kún ọjà báyìí. LED funfun ń fẹ́ nǹkan bíi volt 3, bẹ́ẹ̀ bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan kò ju volt 1.5 lọ, nítorí náà méjì lẹ ó tò tẹ̀léra kó tó tàn. Ẹsẹ̀ LED méjèèjì kò sì gùn bákan náà: èyí tó gùn ni ẹ ó kọjú sí ibi àmì + bátìrì. Tí ẹ bá yí i padà, kò ní tàn rárá, kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́. Olùkọ́ tí kò dán an wò nílé yóò dúró níwájú kíláàsì tí ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ń pariwo "Àǹtí, tiwa ò tàn!" lẹ́ẹ̀kan náà.

Nílé náà lẹ ó ti rí i pé wáyà tó bá ti orí bátìrì lọ sí ìdí rẹ̀ tààrà, láìgba inú gílóòbù kọjá, máa ń gbóná mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bátìrì fóònù kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì nítorí ó lè gbiná. Ihò iná ara ògiri ńkọ́? Èèwọ̀ pátápátá, kódà ní ọjọ́ tí iná ọba ò bá sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: gbogbo ẹrù ẹgbẹ́ kan, inú páálí kan

Ẹ wá páálí kéékèèké, irú èyí tí wọ́n fi ń kó indomie tàbí ọṣẹ, iye tí ẹgbẹ́ yín bá jẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà sára wọn. Kí àwọn ọmọ tó dé láàárọ̀, kí gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nílò ti wà nínú páálí tirẹ̀, kí ẹ sì lẹ ìwé pélébé kan mọ́ inú ìdérí rẹ̀ tó sọ iye nǹkan tó wà níbẹ̀: òwú 1, òkúta 3, rúlà 1, ọ̀rá 1. Ìwé pélébé yẹn ló máa gbà yín lọ́wọ́ ìjà nígbà tí ẹ bá ń palẹ̀ mọ́.

Ohun èlò tí kì í wọ́n: ìdérí ìgò, ike omi tí a gé sí méjì (ẹ fi iná àbẹ́là ra etí rẹ̀ nílé kó má baà gé wọn lọ́wọ́), ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a fọ̀, òkúta wẹ́wẹ́, yanrìn, èédú, eérú, ẹ̀wà, òwú. Irin onímágínẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti kú. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe kì í fi í dunni. Dígí kò sí nínú ohun èlò kíláàsì mi, bó ti wù kó kéré mọ.

Ẹ má sọ fún gbogbo ọmọ pé kí wọ́n mú nǹkan wá láti ilé. Àwọn kan á gbàgbé, àwọn kan á mú èyí tó dára ju ti ẹnìkejì lọ, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ní á sì jókòó síta iṣẹ́. Tí ẹ bá nílò ike, ẹ bẹ àwọn òbí méjì tàbí mẹ́ta tó ń ta omi tàbí mínírà pé kí wọ́n kó o jọ fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Inú wọn máa ń dùn sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà, tí kálukú ní iṣẹ́ tirẹ̀

Ọmọ 54 yóò di ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pín wọn. Tí ẹ bá ní kí wọ́n yan ara wọn, àwọn ọ̀rẹ́ á kóra jọ, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ á sì ṣẹ́ kù sí igun kan. Ní bẹ́ńṣì tí kò ṣeé gbé, kí àwọn tó jókòó níwájú yí ojú sẹ́yìn, ẹgbẹ́ ti di ẹgbẹ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ inú ẹgbẹ́ rèé: agbẹ́rù ló ń lọ gba páálí tó sì ń dá a padà, kò sí ẹlòmíràn tó gbọdọ̀ dìde. Ọlọ́wọ́ méjì ló ń fọwọ́ ṣe nǹkan. Olùkà ń kà tàbí wọn nǹkan. Akọ̀wé ń kọ èsì. Agbẹnusọ nìkan ló lè pe olùkọ́, òun náà kò sì gbọdọ̀ pè é àfi tí ẹgbẹ́ bá ti jíròrò tí wọn ò rí ìdáhùn. Òfin agbẹnusọ yìí nìkan máa ń dín ariwo "Àǹtí! Àǹtí!" kù ju ìkìlọ̀ èyíkéyìí lọ.

Iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa yí. Ẹ kọ orúkọ sára páálí ẹgbẹ́, kí ẹ sì máa sún un síwájú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ẹ ó rí ohun tí gbogbo wa ń rí: ọmọkùnrin á di ọlọ́wọ́ títí táàmù á fi parí, ọmọbìnrin á di akọ̀wé nítorí wọ́n ní ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Ọmọbìnrin náà á mọ sáyẹ́ǹsì kọ sílẹ̀, kò ní mọ̀ ọ́n ṣe.

Tí kíláàsì yín bá tó ọgọ́rin, ẹ má dán an wò pé kí gbogbo wọn ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Kí ìdajì máa fọwọ́ ṣiṣẹ́, kí ìdajì máa ya àwòrán tàbí dáhùn ìbéèrè inú ìwé, kí wọ́n sì pààrọ̀ ara wọn ní píríọ́ọ̀dù tó tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi páálí òfìfo dánra wò

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fo ìgbésẹ̀ yìí, ibẹ̀ sì ni gbogbo nǹkan ti ń bàjẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ má ṣe sáyẹ́ǹsì kankan. Ẹ gbé páálí tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ kalẹ̀, ẹ kọ́ wọn ní ìrìn: agbẹ́rù dìde, wọ́n tò láti apá ọ̀tún, wọ́n gba páálí, wọ́n padà láti apá òsì, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí i. Lẹ́yìn náà ni ìdápadà. Ẹ fi fóònù yín ka àkókò, kí wọ́n rí i pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí wọ́n kọ́kọ́ lò lè di ìṣẹ́jú kan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá fẹ́ràn kí wọ́n máa ka àkókò fún un.

Lẹ́yìn ìrìn, àmì ìdákẹ́jẹ́. Pàtẹ́wọ́ ni mo máa ń lò: mo pa á lọ́nà kan, wọ́n dá mi lóhùn lọ́nà kan náà, ọwọ́ méjèèjì sì gòkè lófìfo. Òfìfo yẹn ni kókó rẹ̀. Ọmọ tó dákẹ́ ṣùgbọ́n tí òkúta wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́ yín. Ẹ má sọ̀rọ̀ títí gbogbo ọwọ́ á fi gòkè. Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí ariwo, ẹ ti kọ́ wọn pé àmì yẹn kò nítumọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: iṣẹ́ gan-an

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo yan òkúta tí a fi òwú so rọ̀, nítorí kò náni ní nǹkan kan, kò léwu, ìdáhùn rẹ̀ sì máa ń ya àgbà lẹ́nu.

Ìbéèrè: "Kí ló lè mú kí òkúta tó rọ̀ yìí máa fì kíá tàbí kó máa fì pẹ̀lẹ́?" Ẹ so ọ̀kan níwájú kí wọ́n rí i, ẹ tì í díẹ̀, ẹ dákẹ́. Wọ́n á dáhùn fúnra wọn: tí òkúta bá wúwo ni, tí òwú bá gùn ni, tí a bá tì í tagbáratagbára ni. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó láìsọ èyí tó tọ̀nà. Kí olúkúlùkù kọ èyí tó gbà gbọ́ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú bíírò. Bíírò ni o, kì í ṣe pẹ́ńsùlù, kí wọ́n má baà pa á rẹ́ tí èsì bá jáde. Ìgbà yìí ni páálí tó lè jáde, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. Ọmọ tó bá ti rí ohun ìṣeré lójú kò ní gbọ́ ìbéèrè mọ́.

Ìtò rẹ̀: ẹ fi pẹ́ńsùlù kan sórí bẹ́ńṣì kí ẹnu rẹ̀ yọ síta, ẹ gbé ìwé tó wúwo lé ìdí rẹ̀, ẹ so òwú mọ́ ẹnu tó yọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ mú òwú, nítorí ọwọ́ ọmọ máa ń mì. Ẹ di òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú ọ̀rá kékeré, ẹ so ó mọ́ ìsàlẹ̀. Láti ẹnu pẹ́ńsùlù dé àárín òkúta, kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25. Wọ́n á fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ìbú ìka mẹ́ta, wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ tì í. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ẹyọ kan. Wọ́n á ka ẹyọ mẹ́wàá, ẹ̀yin á máa wo àkókò lórí fóònù fún gbogbo kíláàsì pọ̀: "Ó yá!" kí gbogbo ẹgbẹ́ fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì máa pe ìṣẹ́jú-àáyá sókè. Olùkà á gbọ́ iye tí ẹ pè nígbà tí tirẹ̀ pé mẹ́wàá.

Ó yẹ kí wọ́n rí nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ẹgbẹ́ bíi mélòó kan á ní mẹ́sàn-án. Ẹ má sọ fún wọn pé wọ́n ti ṣì í. Ẹ ní kí wọ́n tún un kà kí ẹ gbọ́. Ohun tí ẹ ó gbọ́ ni pé olùkà ń pe "ení" nígbà tí ọlọ́wọ́ fi òkúta sílẹ̀, kí òkúta tó lọ kó tó bọ̀. Tó bá dé "ẹ̀wá", ẹyọ mẹ́sàn-án péré ló ti fì. Ẹ ní kó máa sọ pé "òdo" nígbà tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, "ení" nígbà tó bá padà dé. Fún èmi o, àtúnṣe kékeré yìí ju gbogbo ìyókù iṣẹ́ náà lọ, torí ibẹ̀ ni ọmọ ti rí i pé bí a ṣe ń wọn nǹkan lè yí èsì padà.

Lẹ́yìn náà, òkúta méjì, lẹ́yìn rẹ̀ mẹ́ta, kí òwú má yí padà. Ìṣẹ́jú-àáyá 10 náà ni yóò jẹ́. Ariwo tó máa sọ níbi báyìí, ẹ jẹ́ kó sọ. Ariwo ìyàlẹ́nu ni, kì í pẹ́ rọlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, òkúta kan, òwú sẹ̀ǹtímítà 50: nǹkan bí 14. Ẹgbẹ́ kan lè fẹ́ yí òkúta àti òwú padà pa pọ̀ kó lè yá. Ẹ dá wọn dúró, ẹ bi wọ́n pé: "Tí èsì bá yí padà, èwo nínú méjèèjì ló fà á?" Ẹ má tíì dáhùn fún wọn.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ máa ṣe é. Ẹ so òwú mítà kan mọ́ irin fèrèsé, torí bẹ́ńṣì kò ga tó o. Kí ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ bi wọ́n: ó gùn ní ìlọ́po mẹ́rin ju 25 lọ, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ni yóò gbà? Ọ̀pọ̀ á ní 40. Ogún ni yóò gbà. Tí ọmọ kan bá béèrè ìdí, ẹ lè sọ fún un pé ìlọ́po mẹ́rin gígùn ló ń fún wa ní ìlọ́po méjì àkókò, kí ẹ sì ní kó wò ó bóyá 50 tó fún wa ní 14 bá èyí mu. Èyí ti tó fún pírámárì 6.

Ìpín àkókò mi fún ìṣẹ́jú 40 ni márùn-ún fún ìbéèrè, mẹ́ta fún pínpín, méjìdínlógún fún iṣẹ́, mẹ́sàn-án fún ọ̀rọ̀, márùn-ún fún pípalẹ̀mọ́. Tí nǹkan bá fẹ́ há, ẹ gé e kúrò lára iṣẹ́, ẹ má gé e kúrò lára ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn tó ń bá ibi tí a wà mu

*Sóbò.* Ẹ rẹ sóbò gbígbẹ sínú omi gbígbóná nílé, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ má fi ṣúgà sí i. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìdérí ìgò márùn-ún: omi ọsàn wẹ́wẹ́, omi ògì kíkan, omi lásán, omi ọṣẹ dúdú, omi káún tàbí omi eérú tí a sẹ́. Wọ́n á kán sóbò díẹ̀ sínú ìkọ̀ọ̀kan. Nínú ọsàn wẹ́wẹ́, ó máa pupa fòò sí i. Nínú káún, ó máa yí sí àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró. Ìbéèrè tó dùn níbẹ̀ ni pé ta ni omi ògì bá ṣe ẹgbẹ́, ta sì ni ọṣẹ dúdú bá ṣe ẹgbẹ́. Ọmọ tí ìyá ìyá rẹ̀ ń se ọṣẹ á rántí pé eérú ni wọ́n fi ń se é, ó sì ti rí ìdí tí méjèèjì fi yí sóbò sí àwọ̀ kan náà. Òfin rẹ̀: ohun tó bá wọ kíláàsì fún iṣẹ́ kì í wọ ẹnu. Ẹ tẹnu mọ́ ọn, torí sóbò ni, wọ́n á fẹ́ mu ún. Ẹni tí káún tàbí ọṣẹ bá ta sí lójú, omi púpọ̀ lẹ ó fi fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀; kí garawa omi mímọ́ ti wà nítòsí.

*Òjìji.* Ẹ ri igi tó tọ́ mọ́ ojú àgbàlá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn òjìji rẹ̀ láti aago 12, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí agbẹ́rù méjì máa jáde lọ wọ̀n ọ́n, kí ìyókù máa bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Gbogbo kíláàsì á ti búra pé aago 12 ni yóò kúrú jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ó máa ń tó ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan lẹ́yìn aago 12, ó sì ń yí láti oṣù kan sí òmíràn. Ìdí rẹ̀ ni pé ìlà òòró ayé ti digíríì 15 ní ìlà oòrùn ni wọ́n gbé aago Nàìjíríà lé, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi digíríì 3 sí 5 ni ilẹ̀ wa wà, oòrùn sì ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin rin digíríì kan. Ẹ má ṣe àlàyé yìí kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n kọ́kọ́ bá aago jà ná. Ẹ sì kìlọ̀ pé òjìji là ń wò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ oòrùn.

*Yanrìn àti mágínẹ́ẹ̀tì.* Kíá ni èyí. Ẹ fi ọ̀rá wé mágínẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó tì í bọ inú yanrìn gbígbẹ. Ìyẹ̀fun dúdú tó ní irin nínú á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Tí ẹ bá yọ mágínẹ́ẹ̀tì kúrò nínú ọ̀rá, ìyẹ̀fun náà á já bọ́ sórí ìwé funfun ní mímọ́. Tí ẹ ò bá fi ọ̀rá wé e, ẹ ó fi ọ̀sán yọ ìyẹ̀fun.

Ẹ̀wà ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, mi ò ní fi í ṣòfò. Kí ẹ kàn fi ife kan sínú kọ́bọ́ọ̀dù dúdú, kí wọ́n rí i pé ó hù, ṣùgbọ́n ó funfun, ó sì ga ju ti ojú fèrèsé lọ. Ọjọ́ Ajé ni kẹ́ ẹ gbìn ín, kí gbòǹgbò lè ti yọ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé, torí kò sẹ́ni tó máa bomi rin ín lópin ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n fọ ọwọ́ wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá dì í mú, nítorí oògùn kòkòrò máa ń wà lára ẹ̀wà ọjà.

Èdè wo ni kí wọ́n fi jiyàn?

Yorùbá ni, níbi tí Yorùbá bá ti jẹ́ èdè àwọn ọmọ. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ dé pírámárì 6, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Èsì tí wọ́n gbé jáde ni pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kíláàsì tiyín lè má rí bẹ́ẹ̀, ìdánwò sì ń bọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí wọ́n sọtẹ́lẹ̀, kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì jiyàn ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni mo máa kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ìdánwò yóò béèrè sí igun pátákó, tí wọ́n á fi wọ́n kọ gbólóhùn. Ọmọ tó ti rí nǹkan kò ní pẹ́ mọ orúkọ rẹ̀ ní èdè kejì.

Tí nǹkan bá fẹ́ yọ lọ́wọ́ yín

Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ ṣe tán, kí ìbéèrè kan ti wà lẹ́yìn ìwé pélébé inú páálí wọn: "Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí òwú bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12?" Kí wọ́n yí i, kí wọ́n máa bá a lọ. Ẹ má fi wọ́n ṣe olùrànlọ́wọ́ fún ẹgbẹ́ mìíràn, ìdáhùn ni wọ́n máa pín kiri.

Ọmọ tó ń da iṣẹ́ rú, ẹ gba ohun èlò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fún un ní ìwé kó máa kọ ohun tó rí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ bi í ní ohun tó kọ, ẹ dá a padà. Ó ṣì wà nínú sáyẹ́ǹsì, òun nìkan ni kò fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi pàṣán sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti nà nítorí ìdáhùn tí kò tọ̀nà kò tún ní sọtẹ́lẹ̀ mọ́, ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa máa yọjú wò.

Omi tó dà sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àkísà kan á wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan; ẹgbẹ́ tó dà á ló máa nù ún, láìsí ìbínú.

Pípalẹ̀mọ́ àti ìwé

Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ pa àtẹ́wọ́. Agbẹ́rù á ka ohun tó wà nínú páálí ní ìbámu pẹ̀lú ìwé pélébé. Ẹgbẹ́ tí nǹkan rẹ̀ bá pé ló kọ́kọ́ máa jáde lọ ìsinmi. Ẹ ó rí i bí òkúta tó sọnù ṣe máa jáde kíákíá.

Inú ìwé ọmọ, nǹkan mẹ́ta ni mo ń wá: ohun tó sọtẹ́lẹ̀, ohun tó rí, ohun tó rò pé ó fà á. Mi ò ń fi àmì X sí ìsọtẹ́lẹ̀ tí kò ṣẹ. Èyí tí mo máa ń bá wí ni ọmọ tí ìsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ àti èsì rẹ̀ bá ara mu ní gbogbo ìgbà, torí ó dájú pé ẹ̀yìn ló ti lọ kọ ọ́. Ẹ ò lè máàkì ìwé 54 tọkàntọkàn ní ọjọ́ kan. Ẹ mú ìwé kan nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ yìí, òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí wọ́n má mọ ti ẹni tí ẹ ó gbà.

Ẹ sọ fún ọ̀gá àgbà àti olùkọ́ yàrá kejì ṣáájú pé kíláàsì yín máa pariwo díẹ̀ ní ọjọ́ báyìí, aago báyìí, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́sìn nóòtì yín pé iṣẹ́ àfọwọ́ṣe ni. Ní ìgbà òjò, nígbà tí páànù bá ń lu ariwo tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ìbéèrè sójú pátákó, kí ẹ fi ọwọ́ júwe; iṣẹ́ òkúta àti òwú ṣeé ṣe láìsọ ọ̀rọ̀ kan, tí olùkà bá ti lè fi ìka ka ẹyọ.